Bí agbára ọwọ́ ṣe ń gba ara kọ́kọ́rọ́ wọ inú àgádágodo aláwo

Bí o bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú àgádágodo aláwo tí o sì yí i, ìdá kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ yíyí náà kì í ṣí nǹkan kan. Irin tó ti ilẹ̀kùn kò mira, sìlíńdà inú náà kò kúrò lójú kan. Àwọn àwo pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ ń tò. Ìgbà tí wọ́n bá tò tán ni iṣẹ́ kejì ń bẹ̀rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ kan náà á wá fa sìlíńdà lódindi, sìlíńdà á sì fa irin tó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún àgádágodo ṣe ló mọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ dáadáa, torí òun ni ààbò, òun ni gbogbo èèyàn ń sọ. Èkejì ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká wò jù, torí pé ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti ń lọ́, ibẹ̀ ni etí àwo ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ni ọ̀pá ẹ̀gbẹ́, ìyẹn irin tí kì í jẹ́ kí sìlíńdà yí, ti ń há. A óò tọ agbára náà lẹ́sẹẹsẹ láti orí kọ́kọ́rọ́ dé ẹ̀yìn sìlíńdà, kí o lè mọ ibi tó ń gbà àti ibi tí kò yẹ kó gbà.

Emil Henriksson, mẹkáníìkì kan ní Fínlándì, ló hùmọ̀ irú àgádágodo yìí ní 1907. Ó máa ń tún ẹ̀rọ ìgbowó ilé ìtajà ṣe, àwọn àwo tó ń yí nínú ẹ̀rọ náà ló sì là á lóye. Orúkọ Abloy ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ míì náà ń ṣe é, fún ilẹ̀kùn, fún àgádágodo ìfikọ́, fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò sí sípíríńgì tó ń ti àwọn àwo rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn lọ, kọ́kọ́rọ́ náà ló ń dá wọn padà. Ìdí nìyẹn tí kì í tètè kọṣẹ́ nínú òtútù, eruku tàbí yanrìn. Ìdí kan náà ló sì mú kó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ara kọ́kọ́rọ́ ni yóò ti hàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Ilé ni irin òde tí kì í yí. Wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn kan sí ògiri inú rẹ̀. Sìlíńdà wà nínú ilé yìí, òun lè yí, wọ́n sì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gígùn níbi tó dojú kọ kòtò náà. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ síbi lílà yẹn: apá kan ara rẹ̀ wà nínú sìlíńdà, apá kejì wà nínú kòtò ilé. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, sìlíńdà kò lè yí.

Inú sìlíńdà ni àwọn àwo tò sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n lè tó mọ́kànlá nínú Abloy àtijọ́. Ihò tó jẹ́ ìdajì òbìrí wà láàárín àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gé géètì kan sí etí rẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ lè já sí. Láàárín àwo kan àti èkejì, wáṣà tín-ín-rín kan wà tí etí rẹ̀ há mọ́ sìlíńdà, tí kò fi lè yí. Má fojú kéré wáṣà yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ka ohun tí wọ́n gé sára kọ́kọ́rọ́

Gbé kọ́kọ́rọ́ sókè kí o wò ó láti ẹnu rẹ̀. Ìdajì òbìrí ni òun náà: ẹ̀yìn rẹ̀ yípo, iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìhà kan ojú pẹrẹsẹ yẹn ni wọ́n ń gé ní dídagun, dígíírì ni wọ́n sì fi ń wọn bí ó ṣe dagun tó. Ìwọ̀n mẹ́fà ló wà nínú Abloy àtijọ́, dígíírì 18 ló sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì: 0, 18, 36, 54, 72, 90.

Níbi tí wọn kò ti gé rárá, tí a ń pè ní 0, ara kọ́kọ́rọ́ kún inú ihò àwo dẹ́ńdẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá ti yí báyìí, àwo yẹn ti ń yí. Níbi tí wọ́n ti gé dígíírì 36, kọ́kọ́rọ́ á kọ́kọ́ yí dígíírì 36 lófo kí ojú gígé náà tó kan àwo, nítorí náà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá fi máa pé dígíírì 90, àwo yẹn kò ní yí ju 54 lọ. Àwo tó dojú kọ gígé 90 kò ní yí rárá. Géètì àwo kọ̀ọ̀kan wà níbi tó jẹ́ pé, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti pé 90, gbogbo géètì á bọ́ sábẹ́ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mú ìwé kí o kọ àwọn gígé wọ̀nyí sílẹ̀ láti ìhà orí kọ́kọ́rọ́ lọ sí ẹnu rẹ̀. Fi àmì sí gbogbo ibi tí 0 wà. Gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ yìí dá lórí ibi tí àmì yẹn bọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìdá kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́

Agbára tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kéré gan-an. Àwo kọ̀ọ̀kan fúyẹ́, kò sì sí sípíríńgì tó ń bá a jà. Ìfarakanra irin pẹ̀lú irin nìkan ni ọwọ́ rẹ ń borí. Bí o bá wá ní láti fún kọ́kọ́rọ́ kó tó pé dígíírì 90, nǹkan ti ṣe inú rẹ̀.

Ibí ni wáṣà ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ká ní àwọn àwo fara kan ara wọn ni, àwo tó ń yí á máa wọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, agbára á gba ibi tí wọn kò fẹ́ kó gbà, àwo tó yẹ kó ṣì dúró lójú 0, ìyẹn ibi tó wà kí kọ́kọ́rọ́ tó yí, á ti lọ síwájú. Wáṣà tí kò lè yí ló dá wọn sí méjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi gíríìsì sínú àgádágodo aláwo pé kó má ṣe é. Gíríìsì máa ń ki bó bá yá, ó ń gba eruku sára, ó sì ń lẹ àwo mọ́ wáṣà. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ lára kọ́kọ́rọ́, kí o kì í bọ̀ ọ́, kí o yí i síwá sẹ́yìn, ó tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí iṣẹ́ kan ti ń fa ara rẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́

Ibí ni kí o ti fara balẹ̀ jù. Kọ́kọ́rọ́ ti pé 90, àwọn géètì ti tò. Báwo ni agbára ọwọ́ rẹ ṣe máa kúrò lára àwọn àwo bọ́ sára sìlíńdà?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, àwọn àwo lè fi ògiri géètì wọn ti ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀pá náà sì ti ògiri ibi lílà sìlíńdà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tó dára. Àwọn géètì wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Bí ẹrù ilẹ̀kùn bá ń gba ara wọn lójoojúmọ́, etí wọn á yípo, ìṣedéédéé wọn á sì lọ. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ náà á máa há nígbà tó yẹ kó máa rìn fàlàlà.

Ọ̀nà kejì ni pé kí àwo kan, tí mo máa pè ní àwo agbẹ́rù, ní èjìká. Gígé 0 ni ti àwo yìí, nítorí náà òun àti kọ́kọ́rọ́ jọ ń yí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bó bá ti yí dígíírì 90, èjìká rẹ̀ á kan ìdènà kan tí wọ́n gbẹ́ sínú sìlíńdà. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ọwọ́ rẹ bá fi ti kọ́kọ́rọ́, ìdènà yẹn ló ń gbà á. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ẹni tó ń ti géètì ńlá. Bó ṣe yẹ kó rí nínú àgádágodo náà nìyẹn.

Ìdènà náà tún ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Òun ló ń sọ fún kọ́kọ́rọ́ pé 90 ti pé. Bí èjìká tàbí ìdènà bá jẹ, kọ́kọ́rọ́ á kọjá 90 díẹ̀, á sì gbé gbogbo àwo tó ń tì kọjá ibi tí géètì wọn yẹ kó dúró sí. Ká fi ìṣirò wò ó: bí etí àwo bá jìnnà sí àárín ní mìlímítà 7, dígíírì kan péré jẹ́ mìlímítà 0.12 létí rẹ̀. Bí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín géètì àti ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ bá kéré sí ìyẹn, àgádágodo á bẹ̀rẹ̀ sí í há, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe kọ́kọ́rọ́, kò sí ohun tó ṣe àwọn àwo yòókù. Èjìká kan ló jẹ.

Bí o bá tú àgádágodo rẹ, wá àwo agbẹ́rù kí o tó wá ohun mìíràn. Wo èjìká rẹ̀ lábẹ́ iná. Ojú tó ń dán, tó tẹ́, ti ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ojú tó ti yípo tàbí tó ti fẹjú ti gbé ẹrù tó pọ̀ ju tiẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣe ìṣirò ẹrù tó wà lára kọ́kọ́rọ́

Ká ní ìka méjì di orí kọ́kọ́rọ́ mú, tí mìlímítà 25 sì wà láàárín wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi newton 20 tì í, ìyẹn bí ẹni gbé ohun tó tó kìlógíráàmù 2. Agbára yíyí tó jáde níbẹ̀ jẹ́ 20 lọ́nà 0.025, tó jẹ́ newton-mítà 0.5. Kò pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ojú kọ́kọ́rọ́ tó ń ti àwo kò jìnnà sí àárín. Bó bá jẹ́ mìlímítà 3, agbára tó wà níbẹ̀ á tó newton 167, bí ẹni gbé kìlógíráàmù 17 lé etí irin tín-ín-rín kan. Ní èjìká tó wà ní mìlímítà 7, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 71. Ìdí nìyí tó fi sàn kí wọ́n gbé ìdènà sí òde bí àyè bá ṣe lè gbà á tó.

Wàyí o, mú ìwé tí o kọ gígé sí. Agbára yíyí ń rìn nínú ara kọ́kọ́rọ́ láti orí rẹ̀ títí dé ibi tí àwo agbẹ́rù wà, ibẹ̀ ló ti ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Gbogbo gígé tó wà láàárín orí àti àwo agbẹ́rù ló ń gbé ẹrù ilẹ̀kùn lódindi. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ìhà ẹnu, kò gbé ju ìwọ̀nba tó ń yí àwo tiwọn lọ.

Ìdajì òbìrí tí wọ́n gé 90 lára rẹ̀ ti di ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí, agbára rẹ̀ láti kọ lílọ́ kò sì tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà bí àwo agbẹ́rù bá wà lápá ẹnu kọ́kọ́rọ́, tí gígé 90 méjì wà ṣáájú rẹ̀, ibi tí kọ́kọ́rọ́ á ti lọ́ ti hàn kó tó lọ́. Bí àwo agbẹ́rù bá wà nítòsí orí, gígé tó jìn jù lọ lè wà lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ewu. Sìlíńdà tó nípọn ló ń gbé agbára náà lọ sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yan ètò gígé fún ilẹ̀kùn tó wúwo, 0 kan á wà nítòsí orí kọ́kọ́rọ́, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni yí i padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀pá ẹ̀gbẹ́

Bí géètì bá ti tò, tí èjìká sì ti kan ìdènà, sìlíńdà fẹ́ yí. Ògiri kòtò ilé dagun, etí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ náà dagun. Bí sìlíńdà bá ti mira díẹ̀, ìdagun yìí á ti ọ̀pá náà wọnú, sínú géètì. Bí ìdagun bá jẹ́ dígíírì 45, tí a bá yọ ìfarakanra kúrò, agbára tó ń tì í wọnú á dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú géètì tó mọ́, ó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí àwo kan ṣoṣo kò bá tò ńkọ́? Ọ̀pá kò ní ibi tó máa wọ̀, gbogbo agbára á sì dúró lé e lórí láàárín sìlíńdà àti ilé. Ká ní ọ̀pá irin náà fẹ̀ ní mìlímítà 2, ó gùn ní 20, tí irin rẹ̀ sì lè gba newton 300 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan kó tó gé. Newton 12,000 nìyẹn, tó túmọ̀ sí newton-mítà 84 ní mìlímítà 7 sí àárín. Fi wé 0.5 tí ìka rẹ ń mú wá. Kọ́kọ́rọ́ á ti lọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀pá náà tó mọ̀ pé ẹnì kan ń fúngun mọ́ òun. Nítorí náà, bí kọ́kọ́rọ́ bá dúró gbọn-in ní 90, má fi púláyà dì í mú.

Ìgbésẹ̀ keje: ìpadàbọ̀

Ọ̀nà tí agbára ń gbà nígbà tí o bá ń yí kọ́kọ́rọ́ padà yàtọ̀. Èjìká àwo agbẹ́rù ń kúrò lára ìdènà ni, kò kan nǹkan kan mọ́. Àwo tí wọ́n gé 18, 36 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ní àyè lófo, kọ́kọ́rọ́ kò ì tíì kàn wọ́n ní ìhà kejì. Àwọn àwo 0 nìkan ni kọ́kọ́rọ́ há mọ́ ní ìhà méjèèjì. Àwọn ni kọ́kọ́rọ́ ń tì, wọ́n á fi ògiri géètì wọn ti ọ̀pá ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ á sì ti sìlíńdà padà sílé, bí kò bá sí ìdènà mìíràn tí wọ́n ṣe fún ìpadàbọ̀.

Nítorí náà, àgádágodo tí ẹrù rẹ̀ wúwo nígbà ìpadàbọ̀ máa ń jẹ ògiri kan géètì àwo 0. Wò ó: bí ìhà kan bá ń dán tí èkejì sì ṣì rí bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́, o ti mọ ìhà tí ẹrù ń gbà. Ẹni tó ń ya àwòrán àgádágodo lè mú kí géètì àwo agbẹ́rù fẹ̀ díẹ̀ kó má bàa fúngun mọ́ ọ̀pá nígbà ìlọ, ṣùgbọ́n bó bá fẹ̀ jù, kọ́kọ́rọ́ á máa mì lófo nígbà ìpadàbọ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe máa rí méjèèjì gbà pátápátá.

Nígbà tí sìlíńdà bá délé, ọ̀pá á jáde padà sínú kòtò. Nínú àwọn kan sípíríńgì kékeré ló ń tì í, nínú àwọn mìíràn etí géètì tó dagun ló ń gbé e jáde. Lẹ́yìn náà, ìhà kọ́kọ́rọ́ tí wọn kò gé á kó gbogbo àwo padà sí ojú 0. Ojú 0 nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ti lè jáde, torí ibẹ̀ nìkan ni gbogbo ihò ti bára mu.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: mọ àrùn láti ibi tí kọ́kọ́rọ́ dúró

Bí kọ́kọ́rọ́ bá dúró kó tó pé 90, àwo kan ti lẹ̀ mọ́ wáṣà tàbí yanrìn ti wọ inú rẹ̀. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sùúrù, kí o sì máa yí i síwá sẹ́yìn. Bó bá dúró gbọn-in ní 90, àwọn àwo ti rìn, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ni kò rí ibi wọ̀: yẹ gígé kọ́kọ́rọ́ wò, kí o fi wé kọ́kọ́rọ́ mìíràn tí wọn kì í lò. Kí o tó dá àgádágodo lẹ́bi, fi èjìká ti ilẹ̀kùn tàbí kí o fà á sọ́dọ̀ rẹ bí o ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá rọrùn lójijì, irin tó ti ilẹ̀kùn ló ń há mọ́ férémù tó sì ń yí sìlíńdà láti ẹ̀yìn. Férémù ni kí o tún ṣe.

Bó bá kọjá 90 ṣùgbọ́n tó wúwo, ẹ̀yìn sìlíńdà náà ni kí o wò. Bó bá ń yí fàlàlà tí nǹkan kan kò sì ṣí, irin tó so sìlíńdà mọ́ irin tó ti ilẹ̀kùn ti já. Bó bá ṣí ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ kò jáde, má fà á: sìlíńdà kò ì tíì délé, tàbí àwo kan kò ì tíì dé ojú 0. Yí i padà títí yóò fi kan òpin.

Kọ́kọ́rọ́ tó ti lọ́ díẹ̀ ṣòro láti fojú lásán mọ̀. Gbé ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kí o wò ó ní gígùn láti orí dé ẹnu. Bí ojú náà bá dagun ní ìparí ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, má ṣe gé kọ́kọ́rọ́ tuntun láti ara rẹ̀, torí dígíírì tó ti lọ́ yẹn á bá a lọ sára ti tuntun. Láti inú nọ́ńbà gígé rẹ̀ ni kí o ti gé e.

Bí o bá fẹ́ tú u

Bí àwo bá ṣe ń jáde ni kí o máa kì í bọ wáyà kan, pẹ̀lú wáṣà rẹ̀, kí ètò wọn má bàa dàrú. Fi epo tí wọ́n fi ń fọ irin fọ̀ wọ́n, nù wọ́n gbẹ. Má fi fáìlì kan géètì tàbí èjìká, bó ti wù kó kéré tó. Nígbà tí o bá tò wọ́n padà sínú sìlíńdà, kí o tó fi ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ sí i, ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kí o yí i dé 90, kí o wo ibi lílà sìlíńdà: gbogbo géètì gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan ṣoṣo. Di sìlíńdà mú, kí o rọra fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ síwájú sí i. Bí àwọn géètì bá ṣì ń lọ, èjìká àwo agbẹ́rù kò kan ìdènà, bóyá o ti gbé e sódì tàbí ó ti jẹ. Bí wọ́n bá dúró digbí, fi ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ sí i, ti gbogbo rẹ̀ bọ ilé rẹ̀, kí o sì dán an wò nígbà mélòó kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí kí o tó pa á dé.